Béárì tó ń fa átọ́ọ̀mù ya: bí àsíá àti àmì ọ̀pá àṣẹ kan ṣe di ohun ẹ̀rín

Iyọ̀ ni wọ́n fi ń jẹun ní erékùṣù Turks and Caicos, nínú òkun Caribbean, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n á darí omi òkun sínú adágún tí kò jìn, oòrùn á fà á gbẹ, wọ́n á wá wa iyọ̀ tó kù jọ ní òkìtì funfun létí òkun kí ọkọ̀ tó dé kó o. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àmì tó máa wà lórí àsíá wọn lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n yà náà nìyẹn: ọkọ̀ ojú omi kan, òṣìṣẹ́ kan, òkìtì iyọ̀ méjì. Àwòrán náà bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kan ní ìlú òyìnbó tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ òkìtì iyọ̀. Ó rí nǹkan funfun tó yọ gogo, ó ní ilé yìnyín ni, irú èyí tí àwọn Inuit ń kọ́ níbi tí omi ti ń dì. Ló bá kun ilẹ̀kùn dúdú sí ọ̀kan lára rẹ̀. Bí erékùṣù tí oòrùn ń pa tọ̀sán tọ̀sán ṣe ní ilé yìnyín lórí àsíá nìyẹn, títí di 1968 tí wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Ìkarahun òkun, edé ńlá àti ọrọ́ ló wà lórí èyí tí wọ́n ń lò báyìí, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní erékùṣù náà lóòótọ́.

Ti ìlú Irkutsk ní Siberia tún ju ìyẹn lọ. Láti ayé àtijọ́, ẹranko tí wọ́n ń pè ní babr ló wà lórí àmì wọn, ó gbé ẹran kékeré onírun olówó iyebíye kan sẹ́nu. Táígà ni wọ́n ń pè ní babr lágbègbè náà. Ní 1878, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Saint Petersburg ń tún àwọn àmì ìlú kọ, lẹ́tà kan yí padà: babr di bobr. Beaver ni bobr lédè Rọ́ṣíà, ẹranko inú omi tó ń fi eyín gé igi. Beaver kì í jẹ ẹran, bẹ́ẹ̀ ìwé sọ pé ẹran wà lẹ́nu ẹ̀. Kí làwọn ayàwòrán wá ṣe? Wọ́n ya ẹranko dúdú kan tó ní ara ẹran ọdẹ, wọ́n so ìrù pẹlẹbẹ ti beaver mọ́ ọn, wọ́n sì fi awọ tó dà bíi ti ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ sáàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí irú ẹranko bẹ́ẹ̀ láyé. Irkutsk kò sì jẹ́ kó lọ. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí ìgboro, orí àmì ìlú ló ṣì wà.

Ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wà, àwòrán ló ń tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni gbogbo wàhálà yìí ti ń wá. Nínú iṣẹ́ àmì ọ̀pá àṣẹ, ìyẹn àwòrán orí asà tó ń dúró fún ọba, ìdílé tàbí ìlú, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Yúróòpù, gbólóhùn ni wọ́n ń fún ẹni tó ni àmì. Bí ìwé bá sọ pé "kìnnìún pupa tó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, lórí wúrà", bíi ti ọba Scotland, ayàwòrán kọ̀ọ̀kan lè ya kìnnìún tirẹ̀ bó ṣe wù ú: kó sanra, kó tín-ín-rín, kí ìrù rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo rẹ̀ tọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá ti pupa, tó dìde, tí wúrà wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmìnira yìí dára púpọ̀, òun ló jẹ́ kí àmì kan lè gbé ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ láì gbó. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń yà á kò bá rí nǹkan náà rí, tàbí tó ṣi gbólóhùn náà kà, kò sí àwòrán àkọ́kọ́ tó máa fi ṣe òdiwọ̀n.

Ọ̀pọ̀ àmì tó ń pani lẹ́rìn-ín kò sì ní àṣìṣe kankan nínú. Orúkọ ni wọ́n yà. Béárì ló wà lórí àmì Bern ní Switzerland àti Berlin ní Jámánì, torí pé orúkọ ìlú méjèèjì jọ orúkọ béárì lédè wọn. Ti Oxford, akọ màlúù ló dúró lórí omi, nítorí ibi tí màlúù ti ń wọ́ odò kọjá ni orúkọ ìlú náà ń sọ. Àrokò ni irú àwòrán bẹ́ẹ̀: bí àwọn baba wa ṣe ń di ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹni tí ọkàn wọn fà sí, kí olúwarẹ̀ gbọ́ "fà" nínú "ẹẹ́fà", bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá gbọ́ èdè ìlú ṣe máa ka àmì náà lójú ẹsẹ̀.

Èyí tó le jù nínú irú wọn ni ti Bartolomeo Colleoni, ọ̀gágun ará Ítálì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, tó jagun fún Venice. Orúkọ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe kórópọ̀n mu pátápátá. Kò tijú; ó gbé e sórí asà rẹ̀, méjìméjì lọ́nà mẹ́ta, méjì lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Àwọn kan máa ń yà á bíi kóòmà tó dorí kodò kó má bàa hàn jù. Lára irin ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn tí wọ́n sin ín sí ní Bergamo, àmì náà ń dán yanran nítorí pé ẹni tó bá ń kọjá á fọwọ́ kàn án fún oríire.

Zheleznogorsk ní Rọ́ṣíà ní tirẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ìlú àṣírí ni nígbà ìjọba Soviet, Krasnoyarsk-26 ni wọ́n ń pè é, plutonium fún bọ́ǹbù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Béárì tó ń fi ọwọ́ méjèèjì fa átọ́ọ̀mù ya ni wọ́n gbé sórí asà. Iṣẹ́ ìlú náà gan-an ni, ẹranko igbó wọn ló sì ń ṣe é. Ẹni tó bá rí i lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé. Fi wé Pocatello ní Idaho, Amẹ́ríkà: lẹ́tà ńlá, òkè tí wọ́n fi ìlà yà, àti àmì òwò pẹ̀lú àkọlé pé "ẹ̀tọ́ wa ni" lórí àsíá ìlú. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àsíá Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn fi àsíá ìlú 150 wéra ní 2004, òun ló gbẹ̀yìn. Ní 2017 ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́tà lórí àsíá kì í ṣiṣẹ́: bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ kò ṣeé kà, ẹni tó bá sì wà ní ẹ̀yìn á rí i sódì.

Nínú àsíá orílẹ̀-èdè, ti Nepal ló ṣàjèjì jù, òun nìkan ni kò ní igun mẹ́rin. Ó sì yàtọ̀ sí àwọn tí mo ti sọ nítorí pé inú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni ìlànà yíyà rẹ̀ wà, ìlà lẹ́yìn ìlà, láti 1962. Ti 2015 náà gbà á wọlé. Kí 1962 tó dé, oòrùn àti òṣùpá inú rẹ̀ ní ojú, imú àti ẹnu. Ẹ jẹ́ ká yà á lórí aṣọ pupa, ká fi 60 sẹ̀ǹtímítà ṣe ìpìlẹ̀.

Fa ìlà AB sísàlẹ̀, láti òsì sọ́tùn-ún, 60. Láti A, fa AC sókè gbọnrangandan, kó jẹ́ AB pẹ̀lú ìdá mẹ́ta rẹ̀, ìyẹn 80. Sàmì D sórí AC ní 60, kí o so B mọ́ D. Láti B, wọn 60 lórí ìlà dídagun yẹn, kí o sàmì E. Wàyí o, fa ìlà tó bá AB dọ́gba gba inú E kọjá: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ lórí AC ni F, ibi tó parí sí lápá ọ̀tún ni G, FG sì jẹ́ 60 pẹ̀lú. So C mọ́ G. Ibi tí wàá gé ni A, B, E, G, C. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í: wọ́n rò pé àárín 80 ni F wà, wọ́n á fi í sí 40. Kò rí bẹ́ẹ̀. 42.4 ni, torí orí ìlà dídagun la ti wọn E. Bí o bá fi sí 40, apá òkè á tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, òṣùpá kò sì ní jókòó dáadáa.

Ní ti òṣùpá àti oòrùn, kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà òró kan tó jìnnà sí AC ní 15, nítorí orí ìlà kan náà ni gbogbo àárín òbìrí wà. Oòrùn: àárín rẹ̀ wà ní 21.2 sókè láti AB; fi kọ́ńpáàsì fa òbìrí 8.1 àti 12.8 (ìwọ̀n láti àárín dé etí ni, bẹ́ẹ̀ náà ni ti òṣùpá), kí o pín àárín wọn sí igun mẹ́ta méjìlá tó dọ́gba. Òṣùpá: gbé kọ́ńpáàsì sí 56.5, fa ìdajì òbìrí ìsàlẹ̀ tó jẹ́ 12. Gbé e lọ sí 61.2, fa ti 12.8, ohun tó wà láàárín méjèèjì ni òṣùpá. Ìtànṣán rẹ̀ mẹ́jọ yọ sókè láti àárín tó wà ní 51, láàárín òbìrí 5.6 àti 7.7.

Ìgbátí búlúù ló gbẹ̀yìn, 2.6 sẹ̀ǹtímítà yípo. Ìta aṣọ pupa ló wà. Ẹni tó bá rán an sínú 60 àti 80 ti jẹ nínú pupa, oòrùn á wá sún mọ́ etí jù. Ní kọ̀rọ̀ E tó wọ inú, fi sáàsì ṣá aṣọ díẹ̀ kí o tó yí ìgbátí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á ká jọ. Àwọn ilé ìtẹ̀wé kan máa ń gbé e lé orí funfun onígun mẹ́rin kó lè bá àsíá yòókù dọ́gba. Ìyẹn kò dára rárá; ẹ jẹ́ kí gíga wọn dọ́gba, kí ó dúró bó ṣe rí.

Paraguay ní ìṣòro tirẹ̀: ojú àti ẹ̀yìn àsíá wọn kò jọra. Ìràwọ̀ àárín ewé ọ̀pẹ àti ólífì wà níwájú, kìnnìún pẹ̀lú fìlà pupa lórí ọ̀pá wà lẹ́yìn, láti 1842. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ kan ṣoṣo, oòrùn á là á kọjá, kìnnìún á hàn nínú ìràwọ̀. Aṣọ méjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò, pẹ̀lú aṣọ tí kò jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ kọjá láàárín. Ìyẹn sì wúwo, atẹ́gùn kékeré kò lè gbé e. Oregon, tí beaver gidi wà lẹ́yìn tirẹ̀, ń jìyà kan náà. Ti Philippines kò lẹ́yìn, orí ló ní: búlúù lókè nígbà àlàáfíà, pupa lókè nígbà ogun. Ní 2010, níbi ìpàdé kan ní New York, wọ́n gbé e kọ́ sódì, Amẹ́ríkà sì tọrọ àforíjì.

Ti wa náà ò ṣàì ní ìtàn. Àwòrán tí Taiwo Akinkunmi fi ránṣẹ́ nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ ní London ní oòrùn pupa onítànṣán láàárín funfun. Àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò ló yọ oòrùn náà kúrò. Àwọ̀ ewé, funfun, àwọ̀ ewé ló kù, ìdá mẹ́ta ọgbọọgba, gígùn jẹ́ ìlọ́po méjì gíga: bí gíga bá jẹ́ 60, gígùn á jẹ́ 120, apá kọ̀ọ̀kan 40. Èyí tí wọ́n gé sí 60 àti 90 kì í ṣe àsíá Nàìjíríà bí òfin ṣe là á sílẹ̀.

Àmì ọ̀pá àṣẹ wa ló wá ní àṣìṣe tó jọ ti Irkutsk. Asà dúdú, odò funfun méjì tó pàdé bíi Y, idì pupa lórí òṣùká aṣọ funfun àti àwọ̀ ewé, ẹṣin funfun méjì: gbogbo ìyẹn ń lọ dáadáa. Àwọn òdòdó tó wà lẹ́sẹ̀ ẹṣin ni Costus spectabilis, òdòdó orílẹ̀-èdè yìí, pupa sì ni wọ́n ń kùn ún lórí ọ̀pọ̀ àwòrán. Yẹ́lò ni. Ewé rẹ̀ mẹ́rin fẹ̀, ó róbótó, ó sùn mọ́ ilẹ̀ gbalaja, òdòdó á sì yọ láàárín wọn láìní igi tó gbé e sókè. Ẹni tó bá fẹ́ kun àmì náà sára ògiri iléèwé, kó fi ọ̀dà yẹ́lò sí i níbẹ̀.