Àyẹ̀wò ọdún 2024: káàdì tí mo fi dìbò

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló yẹ kí n ti dé Ìlú Ọba. Náírà ni ò jẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í tu owó iléèwé jọ, nǹkan bí náírà 460 ni dọ́là kan ní báńkì. Oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Kó tó débẹ̀, mo ti ní kí wọ́n sún mi sí oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024. Oṣù mẹ́rin péré.

Òfin tuntun ti ń dúró dè mí. Láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, ẹni tó bá wá ṣe Masters oníkíláàsì ò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ wá mọ́. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ gba àyè ti wọlé ní oṣù kẹsàn-án tirẹ̀, ìyàwó àtọmọ méjì wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ìwé kan náà là ń kà. Ìyàwó tèmi àtọmọ wà n'Ìbàdàn. Àwọn tó ń fọkọ̀ ojú omi kékeré wọlé láìgba físà làwọn olóṣèlú ń pariwo lé lórí, àmọ́ àwa la rọrùn láti dín kù: a ní àdírẹ́sì, a kọ fọ́ọ̀mù, a sì ti sanwó.

Ọ̀ràn burúkú toun tẹ̀rín: mo dìbò. Ọmọ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì tó ń gbé níbí lẹ́tọ̀ọ́ sí i, akẹ́kọ̀ọ́ o, kí la fẹ́ pè é! Ọjọ́ kẹrin oṣù keje, káàdì físà mi ni mo nà sí bàbá tó jókòó sídìí tábìlì, ó fi pẹ́ńsù fàlà sórí orúkọ mi. Ìjọba tí ò jẹ́ kọ́mọ mi wá bá mi, èmi náà wà lára àwọn tó ń yàn án. Ẹgbẹ́ òṣèlú Labour wọlé, òfin ò mira. Ẹgbẹ́ Nigel Farage, tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àjèjì lorin wọn, kó ìbò tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin.

Oṣù ò tíì yí tán tí wọ́n fi pa ọmọbìnrin mẹ́ta ní ìlú Southport, ní England. Irọ́ gbòde pé ẹni tó wọkọ̀ ojú omi wá ló ṣe é. Cardiff, nílẹ̀ Wales, ni wọ́n bí ọmọkùnrin tó ṣe é sí. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ, ní Middlesbrough wa níbí, àwọn tó ń tìtorí ẹ̀ da ìgboro rú dá mọ́tò dúró lójú títì, wọ́n ń bi awakọ̀ bóyá òyìnbó ni, bóyá ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọjọ́ iṣẹ́ mi ni. Mi ò lọ. Màmá mi pè.

"Àkànní, ṣó o ti tilẹ̀kùn?"

"Mo ti tì í, mà."

"Ṣé wọn ò mọ̀ pé o sanwó ni?"

Ìparí ọdún 2024 ni káàdì yẹn kú. 31 oṣù kejìlá ni wọ́n kọ sí i lára, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni físà wà báyìí. Lọ́dún 2024, físà ọdún méjì wà fún ẹni tó bá parí, àmọ́ ẹni tí ò bá bá èèyàn wọlé tẹ́lẹ̀ ò sí nínú ẹ̀.

Eyín ọmọ mi méjì yọ lọ́dún 2024. Ìyá ẹ̀ bá a ju àkọ́kọ́ sórí òrùlé. Èkejì, ó ní dádì òun ló máa bá òun jù ú. Ó wà nínú agolo mílíìkì lójú fèrèsé.