Táyà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ohun Tí Ojú Mi Rí Lórí Bárò Lọ́nà Odò Ọbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń dẹ àwọ̀n sí odò Ọbà níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ mọ ọ̀nà tí mò ń sọ. Ọlọ́kadà á gbé yín dé ibi tí ọ̀nà fẹ̀ mọ, á ní òun ò lọ mọ́. Ẹ fi owó kún owó, á kàn máa mi orí ni. Láti ibẹ̀ dé etí omi, yangí ni, gbòǹgbò igi ni, ojú àgbàrá ni. Àwọ̀n, ìgèrè, àjẹ̀, kúlà, okùn: gbogbo rẹ̀ ló máa gba ibẹ̀ kọjá ní àlọ. Ní àbọ̀, wọ́n á ti tutù, wọ́n á wúwo ju ti àlọ lọ. Bárò ló yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí n máa rù ú lórí, kò tíì ru àwọ̀n tútù rí, kí omi rẹ̀ máa ṣàn sí i lójú lórí àpáta.

Bárò wo wá ni kéèyàn rà? Ohun tó mú mi kọ èyí nìyẹn, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Ọ̀dọ̀ oníṣòwò kan nínú ìlú ni mo ti ra èyí tó ṣe mí lọ́ṣẹ́. Mo bi í pé ṣé bíárìn, ìyẹn òrùka irin tó ní bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ nínú tó ń jẹ́ kí táyà yí wẹ́rẹ́, wà nínú táyà rẹ̀. Ó ní ó wà, ó sì búra. Abọ́ bárò náà nípọn, ó ń dán. A gbé e lọ sódò, a gbé e bọ̀, kò sí wàhálà. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ, ẹja pọ̀ lọ́wọ́ wa: àrọ̀ wà, ẹpìà wà, ọ̀bọ̀kún náà wà. Èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ. Àwọ̀n kan sì wà nínú ẹrù náà tó jẹ́ tuntun, ọwọ́ ara mi ni mo fi so òjé sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí mo fi so àwọn ike tó ń gbé e léfòó sí òkè.

A ti kọjá ojú àgbàrá àkọ́kọ́ nígbà tí mo gbọ́ ohùn irin tó ń ha irin. Ọmọ náà ní, "Bọ̀ọ̀dá, táyà yìí ń fì o." Mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ti tẹ̀ sí apá kan, ó ń ha irin tó dì í mú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ibi tí a wà, kò sí ibi tí a lè sọ ẹrù sí, a bá ní ká rọra sún un dé ibi tó tẹ́jú. Kò dé ibẹ̀. Irin àárín táyà yọ, bárò dà sí apá òsì, ọmọ yìí sì sáré lọ fi èjìká tì í kó má baà yí dànù. Ọwọ́ bárò gbá a láyà.

Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó la ẹnu, èémí kò wọlé, kò jáde. Mo ń pè é, ó ń wò mí, kò lè dáhùn. N kò rántí ẹja, n kò rántí àwọ̀n. Mo bọ́ fìlà, mo ń fi fẹ́ ẹ, mo ń pe oríkì rẹ̀: "Àlàó! Àlàó, dákun!" Mo ń rò ó pé kí ni n ó sọ fún ìyá rẹ̀ nílé. Ó pẹ́ lójú mi kó tó wúkọ́. Ìgbà tó wúkọ́ tán ni ẹsẹ̀ tèmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, mo sì jókòó tì í sórí yangí.

Ìgbà yẹn ni mo tó wo ìsàlẹ̀. Kúlà ti ṣí, yìnyín ti tú dànù, àrọ̀ ń rá wọ inú koríko, iyẹ̀pẹ̀ pupa ti bo ẹpìà. Àwọ̀n tuntun wà nínú igbó ẹ̀gún. Bí mo ṣe ń fà á yọ ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń ya, fàà, fàà. Ìgèrè ti fọ́. Mo gbé táyà tó yọ, mo wo ihò àárín rẹ̀. Ike ni. Ike róbótó kan ni wọ́n kì bọ̀ ọ́, ó sì ti jẹ tán ní apá kan. Bíárìn tí wọ́n búra lé lórí, kò sí níbẹ̀.

Ìyá tó ń ra ẹja lọ́wọ́ mi ń pe fóònù lemọ́lemọ́: "Bàbá Kẹ́hìndé, oòrùn ti mú o, àwọn oníbàárà mi ti ń lọ." Kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹpìà ti rọ̀. Owó tó fún wa kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n n kò dá a lẹ́bi, ta ni yóò ra ẹja rírọ̀ lọ́wọ́ òun náà?

Wọ́n yẹ ọmọ náà wò ní ọsìbítù, eegun rẹ̀ kò kán, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Oníwẹ́dà kan ní Sábó bá mi tún bárò ṣe, ó ń yí dáadáa báyìí.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gbogbo wa la máa ń fi ọwọ́ gbá abọ́ ká gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìyẹn dára fún bíríkìlà tó fẹ́ kó kọnkéré sí i. Ẹrù apẹja kì í ba abọ́ jẹ́, táyà ló ń jìyà. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú nọ́ọ̀tì, kó fa irin àárín táyà jáde lójú yín. Bíárìn gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nọ́ńbà máa ń wà lára rẹ̀: 6203 gba irin tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 17, 6204 gba ti 20. Bó bá kọ̀ tí kò tú u, ẹ máa lọ. Ìbúra kì í yí táyà.

Èkejì, táyà náà ni. Ìwọ̀n 4.00-8 ni kí ẹ béèrè. Òun ni kẹ̀kẹ́ Márúwá ń lò, nítorí náà kò sí fọkanáísà láti Tàkíé dé Sábó tí kò mọ tíúbù rẹ̀. Táyà kékeré máa ń há sí gbòǹgbò. Bí táyà bá ṣe ga tó ló ṣe ń rọrùn fún un láti gun òkúta. Èyí tó bá tẹ́ẹ́rẹ́ á rì sínú yanrìn etí omi. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí i kó le gbandi. Kó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kó lè gba yangí mọ́ra. Àwọn kan á ní ẹ ra èyí tó jẹ́ rọ́bà látòkèdélẹ̀, tí kì í jò. Òótọ́ ni pé ẹ̀gún ò lè ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó wúwo, gbogbo òkúta tó bá sì gùn ni apá yín á gbọ́. Bákan náà, ẹ̀gún kọ́ ló ṣe mí ní jàǹbá. Ike yẹn ni.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí n kò lo ọmọlańke. Ọmọlańke dára lórí títì àti lọ́jà. Ọ̀nà odò kò ju ibi tí ẹsẹ̀ tẹ̀ lọ. Táyà kan á wà lójú ọ̀nà, èkejì á gun gegele, ẹrù á dà. Táyà ẹyọ kan ló ń gba ọ̀nà tóóró.

Bí ẹ bá ń di ẹrù, kí kúlà àti àwọ̀n tútù wà níwájú, kí ìgèrè wà lẹ́yìn. Ohun tó bá sún mọ́ táyà, táyà ló ń rù ú. Ohun tó bá sún mọ́ ọwọ́, apá yín ni. Ẹ rí i pé ọ̀dọ̀ táyà náà ni ọ̀rọ̀ tún padà sí.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì kan sínú rẹ̀, kílò 50 ni, kí ẹ tì í gun etí gọ́tà iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí táyà bá máa fì, ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí i. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, kí irin kan so méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ kí wọ́n má baà rì sínú ẹrọ̀fọ̀. Kí rọ́bà ọwọ́ rẹ̀ má máa yọ. Ìyẹn náà tó.

Ẹni tó bá ti ra tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tú táyà rẹ̀ wò lónìí. Bó bá bá ike níbẹ̀, kó gbé e lọ bá oníwẹ́dà kó bá a jó ilé bíárìn sí i, kó fi gírísì kún un. Kó má tì í lọ sódò kí wọ́n tó ṣe é, pàápàá bí ọmọ ọlọ́mọ bá máa bá a lọ.