Ẹ jẹ́ ká yí ẹnu jẹnẹrétọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ọmọ

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pé kí ló ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, sìgá ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Kò sì ṣì í sọ, sìgá ni olórí. Àmọ́ láti oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, tó wà ní Lyon nílẹ̀ Faransé, ti kéde pé afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí náà ń fà á. Ìsọ̀rí kìíní ni wọ́n fi sí, níbi tí èéfín sìgá wà. Ìyẹn ò ní kí agbára àwọn méjèèjì dọ́gba o. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹ̀rí ti dájú. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi èéfín dísẹ́ẹ̀lì síbẹ̀ lọ́dún 2012.

Aránṣọ ni mí, etí títì tí tírélà ń gbà kọjá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Bí mo bá fi léèsì funfun kọ́ sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, èjìká rẹ̀ ti yí padà. Kì í ṣe eruku pupa ilẹ̀ wa tí gbogbo wa mọ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀gbin èéfín ni: dúdú ni, ó ní ọ̀rá, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi lásán kì í sì í fọ̀ ọ́ kúrò.

Èyí tójú rí nìyẹn, òun kọ́ ló burú jù. Àwọn ẹyọ kan wà nínú èéfín náà tó kéré débi pé ẹyọ irun orí kan nípọn tó ìlọ́po 30 wọn. Irun imú ò lè dá wọn dúró. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ń balẹ̀ sí, àwọn tó kéré jù lọ a tiẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì lè kó kẹ́míkà tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́ dání. Epo bẹntiróòlù tí a ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ náà ní kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ benzene nínú, benzene sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé máa bá yín rọ epo.

Ní odò ẹran, táyà làwọn kan ṣì fi ń sun awọ màlúù di pọ̀nmọ́. Àríyànjiyàn tí mo máa ń gbọ́ ni bóyá ká jẹ ẹ́ tàbí ká má jẹ ẹ́. Ta ló ń béèrè ọmọkùnrin tó ti ìdájí dúró ti iná náà, tó ń fi igi yí awọ, tí ojú rẹ̀ pọ́n kankan? Omi gbígbóná àti abẹ ni wọ́n fi ń ṣe pọ̀nmọ́ funfun, ọjà sì ń rà á.

Wọ́n á ní igi làwọn ìyá wa fi dáná, wọ́n sì dàgbà. Òótọ́ ni, àwọn kan dàgbà. Ìyá tó bí ìyá mi náà dàgbà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo fi mọ̀ ọ́n ló fi ń wúkọ́.

Èyí tó ń dùn mí jù ni tàwọn ọmọ iṣẹ́ wa. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń jókòó sí kí wọ́n lè ríran gán bọ́tìnnì, ẹnu ọ̀nà náà sì ni jẹnẹrétọ̀ ń wà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo bá aládùúgbò mi tó ń ta omi tútù sọ̀rọ̀.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e lọ sẹ́yìnkùlé.”

“Àǹtí, wọ́n á jí i. Ẹ ò mọ̀ pé olè pọ̀ lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn ni?”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání, a kò lè fi ìwàásù lé olè. La bá jọ dáwó, wẹ́dà bá wa ṣe àgò irin tó gba jẹnẹrétọ̀ àwa méjèèjì, a rì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lẹ́yìn ilé, jìnnà sí fèrèsé, a wá na wáyà wọlé. Tíná bá lọ, tíṣẹ́ ò sì pọ̀, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ làwọn ọmọ ń lò.

Tírélà kọjá agbára mi, ìjọba ló lè bójú tó o. Àgò irin ò kọjá agbára ẹnikẹ́ni tó lè dáwó pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀. Màá gbé e dé ìpàdé ẹgbẹ́ aránṣọ, màá sì mú wẹ́dà náà dání kó sọ iye rẹ̀ fún wọn.