Ọjọ́ ọjà ò sí nínú rẹ́jísítà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí mo ti kọ nǹkan gbẹ̀yìn, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Tọ́sìdè tó kọjá ni mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo gun ọ̀kadà láti Camp l'Abẹ́òkúta lọ sí abúlé ìyá mi torí pé ìgbìmọ̀ iléèwé ibẹ̀ fẹ́ ṣe mítìn, èmi ni wọ́n sì fi ṣe aṣojú àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ (mo ka prámárì wáànù dé tíríì níbẹ̀ kí bàbá mi tó kó wa wá sí ìgboro). Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò sì ní sọ ìjọba ìbílẹ̀ tó wà, ìyá H.M. (ọ̀gá àgbà iléèwé náà) ṣì ní ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó rẹ́tàyà, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ẹnu mi pè wọ́n wá rojọ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti jáde ní Abẹ́òkúta, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ gbà, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ fi máa rí irú ẹ̀: bílọ́ọ̀kù méjì, pápá kan, igi máńgòrò kan, sáìnbọ́ọ̀dù tó ti dógùn-ún.

Kíláàsì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tíṣà mẹ́rin, ìyá H.M. gan-an sì wà lára mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Prámárì wáànù àti túù jọ ń jókòó sí yàrá kan náà ni, àwọn kan kọjú sí bọ́ọ̀dù iwájú, àwọn tó kù kọjú sí tẹ̀yìn, tíṣà wọn á máa lọ á máa bọ̀ láàárín bí ẹni tó ń ta gúgúrú ní gáréèjì Kútọ̀. Ẹ wá gbọ́ ibi tó pa mí lẹ́rìn-ín sí. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní kí tíṣà prámárì kan má kọ́ ju ọmọ 35 lọ. Orúkọ tó wà nínú ìwé níbí jẹ́ 61, tẹ́ ẹ bá pín in sọ́nà mẹ́rin, bí ọmọ 15 ló ń kan tíṣà kan. Ẹ ò rí i pé lórí ìwé, ìgbádùn ni wọ́n wà, tíṣà wọn tiẹ̀ pọ̀ jù! Ìyẹn ni kì í fi í kàn wọ́n tí wọ́n bá ń pín tíṣà tuntun, ẹni tó bá sì rẹ́tàyà níbẹ̀, ó lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa rọ́pò ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò purọ́ o, ìṣirò yẹn péye, ó kàn jẹ́ pé kíláàsì mẹ́fà, kíláàsì mẹ́fà náà ni, bóyá ọmọ mẹ́wàá ló wà nínú ìkọ̀ọ̀kan wọn tàbí ọgbọ̀n.

Abẹ́ igi máńgòrò la jókòó sí torí ooru. S.B.M.C. (School-Based Management Committee) ni wọ́n ń pe irú ìgbìmọ̀ yìí, ọdún 2005 ni ìjọba fọwọ́ sí i pé kí iléèwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Ẹni tí bàálẹ̀ rán wá wà níbẹ̀, alága P.T.A. (ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà), ìyálọ́jà, lemọ́mù, tíṣà kan, ìyá H.M., èmi, àti ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ head boy pẹ̀lú ọmọbìnrin kejì ẹ̀, torí pé òfin ìgbìmọ̀ ní kí ọmọ iléèwé náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, wọ́n káwọ́ gbera, ẹ̀rù àgbà ń bà wọ́n.

Lẹ́tà kan ló kó wa jọ. Ó wá látòkè, ó ní iye ọmọ tó ń wá síléèwé ti lọ sílẹ̀, èsì ìdánwò náà ò wuyì, kí H.M. kọ̀wé ṣàlàyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bí wọ́n ṣe kà á tán ni olúkúlùkù ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Alága P.T.A. ní àwọn òbí ni, lemọ́mù ní fóònù ni, ìyálọ́jà ní àwọn tíṣà tó ń pẹ́ dé ni, tíṣà tó jókòó tì mí ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi bàtà wa ilẹ̀.

Mo ní kí ìyá H.M. jẹ́ kí n rí rẹ́jísítà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe mọ́nítọ̀ rí, ẹ mọ ìwé yẹn, ìwé gbàgìdì tí wọ́n fi ń sàmì ọmọ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, ìlà búlúù fún ẹni tó wá, òdo pupa fún ẹni tí ò wá. Mo ṣí ewé oṣù tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, òdo pupa kún Mọ́ńdè, ó tún kún Fúráìdè. Ọ̀sẹ̀ kejì, Túsìdè ló kún. Ọ̀sẹ̀ kẹta, Wẹ́sìdè. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Tọ́sìdè. Ọjọ́ tó kù, òdo kan níhìn-ín, òdo kan lọ́hùn-ún. Mo ń wo bí pupa yẹn ṣe dà gẹ̀rẹ̀ gba orí ìwé kọjá bí èèrà tó tò lórí ògiri, mi ò tíì mọ ohun tí mo ń wò tí ìyálọ́jà fi na ọrùn látẹ̀yìn mi, wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọjà wa nìyẹn!"

Ọrọọrún ni wọ́n ń ná ọjà abúlé yẹn, kò bá ọ̀sẹ̀ òyìnbó rìn rárá. Tó bá bọ́ sí Mọ́ńdè, ó di Fúráìdè, lẹ́yìn náà Túsìdè, Sátidé, Wẹ́sìdè, Sọ́ńdè, Tọ́sìdè, kó tó tún padà sí Mọ́ńdè. Lọ́jọ́ náà ọmọ tó bá ti lè ru gaàrí, ó ti bá ìyá ẹ̀ lọ nìyẹn, èyí tí ò bá lọ, òun ló máa jókòó ti àbúrò nílé. Àmọ́ fọ́ọ̀mù tí ìyá H.M. ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù, àpapọ̀ ló ń béèrè. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló wá? Wọ́n á kọ ọ́, wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti iléèwé tó kù, nígbà tó bá máa fi dé iwájú ẹni tó kọ lẹ́tà, ọjọ́ ọjà ti yọ́ sínú ẹ̀ bí iyọ̀ inú ọbẹ̀, ohun tó máa rí ò ju pé ọmọ abúlé kan ń sá níléèwé.

Alága P.T.A. ní ó dáa, tó bá ti jẹ́ ọjà ni, ká lo òfin. Òótọ́ ni, òfin wà, òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó di dandan, tí wọ́n ń pè ní UBE, tọdún 2004 ní òbí tí ò bá jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ lọ síléèwé, ìkìlọ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, tó bá ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ó di N2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tó bá tún ṣe é N5,000 tàbí oṣù méjì. Ìyálọ́jà ní kí wọ́n yáa bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ìyàwó alága fúnra ẹ̀, torí òun àti ìyàwó náà ni wọ́n jọ wà nísọ̀ gaàrí. Mítìn fẹ́rẹ̀ẹ́ dàrú níbẹ̀, ẹ̀rín ló bá wa túká ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá H.M. ló wá sọ ohun tó múnú mi dùn jù. Wọ́n ní àwọn ò lágbára láti yí ọjọ́ iléèwé padà, tòkè nìyẹn, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn máa kọ́ ọmọ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ni. Látìgbà yìí lọ, ọjọ́ ọjà ò ní sí ẹ̀kọ́ tuntun, kò ní sí tẹ́ẹ̀sì, àtúnyẹ̀wò ni wọ́n máa ṣe pẹ̀lú àwọn tó bá wá. Ìyálọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ka ọjọ́ ọjà títí dé òpin táàmù, ìyá H.M. ń fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ́jísítà. Kò ná wa ní kọ́bọ̀. Láti ọdún tí iléèwé ti wà àti ọjà ti wà, àwọn méjèèjì ò jókòó pọ̀ rí.

Ti owó ló le. Bàbá tí bàálẹ̀ rán wá béèrè pé ta ló ni iléèwé yìí gan-an, ojú gbogbo wa wá sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ ọ́: ìjọba àpapọ̀ ń ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un sọ́tọ̀ fún ètò UBE, ìjọba ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi tiẹ̀ síwájú kó tó lè gba ìpín tó ń kọ́ kíláàsì, SUBEB, àjọ UBE ti ìpínlẹ̀, ló ń bójú tó tíṣà, ìjọba ìbílẹ̀ náà ní ọ́fíìsì Education Secretary, owó oṣù tíṣà sì ń jáde látinú owó ìjọba ìbílẹ̀ (nígbà tí Supreme Court dájọ́ ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, àyà àwọn tíṣà àgbà já, wọ́n rántí ìgbà tí owó oṣù wọn wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra ẹ̀, tí wọ́n fi oṣù gbọọrọ ṣiṣẹ́ lófo). Gbogbo wọn ló ni ín. Àmọ́ ta ló ń ra ṣọ́ọ̀kì? Ìyá H.M. ni, lápò ara wọn. Wọn ò gbọdọ̀ ní kí òbí kankan mú ọgọ́rùn-ún náírà wá, torí òfin kan náà yẹn sọ pé ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá gba owó iléèwé lọ́wọ́ ọmọ, N10,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta ń dúró dè é. Òfin dáadáa ni o, mi ò bá a jà. Mo kàn ń wo obìnrin tí wọ́n ní kó ṣàlàyé ìdí tí iléèwé ò fi ṣe dáadáa, tí gbogbo owó tó wà níkàáwọ́ ẹ̀ láti tún un ṣe jẹ́ owó oṣù tiẹ̀. Páànù tí atẹ́gùn ṣí lẹ́yìn kíláàsì foò, wọ́n ti kọ̀wé nípa ẹ̀, ìwé náà wọ ọ́fíìsì kan, ó gbabẹ̀ lọ sí òmíràn, a ò mọ ibi tó sùn sí báyìí.

Ẹnì kan ní kí wọ́n kúkú pa iléèwé yìí pọ̀ mọ́ tabúlé kejì. Ó dà bí ọgbọ́n, títí tẹ́ ẹ bá rántí odò tó wà láàárín, tó ń kún lóṣù keje, tí ọmọ ọdún mẹ́fà á máa là kọjá. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

A ti fẹ́ túká kí lemọ́mù tó sọ pé àwọn ọmọ méjì yìí ò tíì sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin yẹn mirí. Ọmọkùnrin yẹn dìde, ó pa ọwọ́ méjèèjì mọ́ ẹ̀yìn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa bẹ Àǹtí kí wọ́n máa sùn síbí."

Ìgbà yẹn ni tíṣà ẹ̀gbẹ́ mi gbórí sókè. Ìgboro ni gbogbo àwọn tíṣà ń gbé. Bọ́ọ̀sì, kí wọ́n sọ̀, kí wọ́n tún gun ọ̀kadà wọ inú oko, tójò bá rọ̀ ọlọ́kadà ò ní lọ, ẹlẹ́yìí tó bá lọ á dá iye tó wù ú. Ó ní bí òun bá ka iye owó ọkọ̀ òun fún wa a ò ní gbà á gbọ́. Aago mẹ́sàn-án kọjá kí wọ́n tó dé, tó bá ti lu aago kan wọ́n ti ń wojú ọ̀nà. Mo bi í pé ṣé ó máa gbébí tó bá rílé. Ó ní, "Bọ̀dá, ilé wo?"

Ilé kan wà. Ẹ̀yìn iléèwé ló wà, ilé tíṣà ni wọ́n ń pè é títí dòní bó tilẹ̀ jẹ́ pé aláǹgbá ló ń gbébẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ni iléèwé náà níbẹ̀rẹ̀, tíṣà ló tún ń wàásù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àwọn ará abúlé ló po amọ̀ ilé náà fún un. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 17, 1955, tí ọmọ ya bo iléèwé, tíṣà ṣì ń gbénú ẹ̀, ìyá mi ní tẹ́ ẹ bá sá níléèwé, ilé yín ló máa wá bá yín lálẹ́, á sì bá yín jẹun. Ìjọba wá gba àwọn iléèwé ìjọ láàárín ọdún 1970 sí 1979, wọ́n ka kíláàsì, wọ́n ka bẹ́ǹṣì. Bóyá ni wọ́n ka ilé tíṣà, torí ìyá H.M. ní òun ò rí i nínú ìwé ẹrù iléèwé kankan. A lọ wò ó. Ògiri méjì ti rọ̀ sílẹ̀, méjì dúró gbọin, koríko ti gba ojú fèrèsé.

Bàbá tí bàálẹ̀ rán fi ọ̀pá gbá ògiri náà. Wọ́n ní tí kò bá sí nínú ìwé ìjọba, a jẹ́ pé abúlé ló ni ín, kò sẹ́ni tí àwọn máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo ọkùnrin jáde wá ro ó ní Sátidé, káfíńtà náà á wá wọn òrùlé. Mo ní èmi á bá àwọn ọmọ iléèwé àtijọ́ tó wà nígboro sọ̀rọ̀ páànù. Tíṣà yẹn ò sọ pé òun máa wá gbébẹ̀ o, ó kàn bi wá pé ṣé kànga tó wà lẹ́yìn ibẹ̀ ṣì ní omi.

Ìyá H.M. ń kọ Sátidé sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n yí rẹ́jísítà padà, wọ́n wo ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sẹ́yìn ẹ̀, wọ́n wo ojú ìyálọ́jà.

Ọjọ́ ọjà ni. Wọ́n pa Sátidé rẹ́, wọ́n kọ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.