Mo Lọ Kí Ìyá Àgbà Ní Àjàṣẹ́, Rọ́gbì La Wò

Tí ẹ bá fẹ́ gba ilẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, láti Èkó, tí ẹ kò sì ní iṣẹ́ kankan ní Kútọnu, ẹ fi Sẹ̀mẹ̀ sílẹ̀, ẹ gba Ìdìrókò. Ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdìrókò á gbọ̀n yín jìgìjìgì o, ìdènà á sì sú yín í kà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣẹ́ owó yín sí sẹ́fà, tí ẹ bọ́ sí Ìgolò, wàhálà ti tán nìyẹn. Èrò méjì níwájú takisí, mẹ́rin lẹ́yìn. Apẹ̀rẹ̀ adìyẹ obìnrin kan wà lẹ́sẹ̀ mi, àwọn adìyẹ náà sì dákẹ́ ju dírẹ́bà lọ.

Ìyá Àgbà ni mo lọ kí, ìyá ọkọ àǹtí mi. Ilé Àgùdà ni ilé wọn. Orúkọ Pọtogí ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn kan nínú wọn ń kírun, àwọn tó kù ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá àti Ègùn ni wọ́n ń dà pọ̀ sọ, bí wọ́n bá fẹ́ bá ọmọ wí ni wọ́n ń yọ Faransé jáde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Pópó Àgùdà l'Ékòó á ti mọ irú ẹbí bẹ́ẹ̀: àwọn tí bàbá ńlá wọn bọ́ lóko ẹrú ní Bahia, ní Bràsíl, tí wọ́n padà wálé pẹ̀lú iṣẹ́ bíríkìlà, iṣẹ́ káfíńtà, oúnjẹ àti ijó. Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, ẹ lọ wo mọ́sálásí ńlá tí àwọn Àgùdà tó jẹ́ mùsùlùmí kọ́. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Bí wọ́n ti rí i tí wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ni wọ́n ṣe kọ́ ọ, wọ́n kàn kọ ojú rẹ̀ sí ti Ọlọ́run tiwọn.

Ọjọ́ Àìkú, 31 Oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ni mo ń sọ. Ìdíje Ife Àgbáyé rọ́gbì àwọn obìnrin ti ń lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọjọ́ 22 oṣù náà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe ohun tó gbé mi wá nìyẹn. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni kí n jẹ amìwò, ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n fi tòmátò rò, kí n lọ wo ààfin Ọba Tọ́fà tó jọba Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́, kí n sì sun oorun ọ̀sán. Ọmọ àǹtí mi tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́ níléèwé ló da ètò náà rú. Ó ti ya tábìlì ìdíje sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, gègé aláwọ̀ mẹ́ta ló fi kọ ọ́: àwọ̀ ewé fún ẹni tó borí, pupa fún ẹni tó fìdí rẹmi, àwọ̀ ojú ọ̀run fún ọ̀mì. Omi fíríìjì ti ń fà á ya lápá kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ó lọ sí ààfin lọ́la," ó ní. "Tòní, ìsọ̀rí D ni."

Ìsọ̀rí mẹ́rin ló wà, A dé D, orílẹ̀-èdè mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún ni gbogbo wọn, iye tí wọ́n jẹ́ lọ́dún 1998 àti 2002 náà; nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìdíje náà ní Wales lọ́dún 1991, méjìlá ni wọ́n. Àwọn méjì tó bá ṣáájú nínú ìsọ̀rí ló ń tẹ̀ síwájú, àwọn méjì tó kù ń di ẹrù wọn. Ẹni tó bá borí gba àmì 4, ọ̀mì jẹ́ 2. Lẹ́yìn ìyẹn ni èènì: bí ẹ bá gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà ọ̀tá lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí jù bẹ́ẹ̀, àmì 1 sí i, bí wọ́n tilẹ̀ lù yín. Bí ohun tí wọ́n fi lù yín kò bá sì ju 7 lọ, àmì 1 ìtùnú ń bẹ fún yín. Ẹ má fojú kéré èènì yìí. Nínú ìsọ̀rí A, Amẹ́ríkà àti Ọsirélíà ta ọ̀mì 31 sí 31, àmì wọn sì dọ́gba títí dé òpin; iye tí wọ́n jẹ àti iye tí wọ́n jẹ wọ́n ni wọ́n fi yà wọ́n, Amẹ́ríkà sì lọ sílé.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká padà sí D: Faransé, Ítálì, Gúúsù Áfíríkà, Bràsíl. Bí ẹnì kan bá jókòó tó ń ronú bí yóò ṣe dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé Àgùdà ní Àjàṣẹ́, ohun tí yóò kọ sílẹ̀ nìyẹn. Ọkọ àǹtí mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti Faransé ló ń ṣe láti kékeré. Bràsíl ni ti Ìyá Àgbà. Wọn ò débẹ̀ rí láyé wọn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé Bùríyàn, eégún àwọn Àgùdà, jáde nínú Oṣù Kìíní, orin Pọtogí tí wọn ò gbọ́ ju ọ̀rọ̀ bíi mélòó kan lọ nínú rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọbìnrin náà ní Gúúsù Áfíríkà ni tòun, nítorí àwọn nìkan ni Áfíríkà ní níbẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n gba ife ilẹ̀ Áfíríkà lọ́dún 2024. Ó wá ku Ítálì tí kò ní aláàánú. Àǹtí mi gbà wọ́n tọ́. Wọ́n ní àwọn ló ń ṣe tòmátò agolo tó dára jù. Èmi ará Èkó, wọ́n ní kí n máa bá Gẹ̀ẹ́sì mi lọ sí ìsọ̀rí A.

Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ọkọ àǹtí mi gbé ohùn tíṣà wọ̀. Ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lápá kan, 80 ìṣẹ́jú. Ẹ lè gbé bọ́ọ̀lù mọ́ra kí ẹ máa sá lọ, ẹ lè fi ẹsẹ̀ gbá a síwájú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ fi ọwọ́ jù ú fún ẹnìkejì yín, ẹ̀yìn lẹ gbọ́dọ̀ jù ú sí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ìlà, àmì 5. Bí ẹ bá wá gbá a gba àárín òpó méjèèjì, 2 lé e.

Ìyá Àgbà gbọ́ títí. "Iwájú ni wọ́n ń lọ, ẹ̀yìn ni wọ́n wá ń jù ú sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Ta ló ṣe òfin yẹn?"

"Gẹ̀ẹ́sì ni."

Wọ́n yíjú sí mi, àfi bí ẹni pé èmi ni mo kọ ọ́.

Gúúsù Áfíríkà àti Ítálì la kọ́kọ́ wò, láti York. Orí fóònù ọmọ náà ni, ó gbé e ti igo òróró lórí tábìlì, dátà mi ló sì ń jẹ. (Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Bẹ̀nẹ̀ bára mu, kò sí pé à ń jí lóru.) Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni Gúúsù Áfíríkà ti fi 66 sí 6 lu Bràsíl ní Northampton, Ìyá Àgbà kò sì tíì dárí jì wọ́n. Wọ́n kọ̀ láti sún mọ́ fóònù náà.

Ọmọ náà ń fi ìka tọ́ka sí Babalwa Latsha fún mi, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń wà níwájú pátápátá nínú scrum, níbi tí wọ́n ti ń fi èjìká ti èjìká. Ó ti ka gbogbo ìtàn rẹ̀: ìmọ̀ òfin ló kọ́ ní yunifásítì, ó sì di obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ kan gbà síṣẹ́ olówó oṣù nínú rọ́gbì ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ní Eibar, ní Spéènì, lọ́dún 2020. Nígbà tí wọ́n wọ scrum tí kò sí ẹni tó fẹ́ yẹ̀, àǹtí mi ní bí ẹni tó ń ti ọkọ̀ tó kú ni, àmọ́ tí àwọn kan tún wà níwájú tí wọ́n ń tì í padà. Mi ò tíì rí ẹni tó ṣàlàyé scrum tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwòrán dúró gbọnrangandan níbi tó dùn jù, bí ó ti máa ń ṣe. Ìgbà tó fi padà, 29 sí 24 ni. Gúúsù Áfíríkà ti borí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí àwọn obìnrin wọn yóò jáde nínú ìsọ̀rí láti ìgbà tí wọ́n ti ń lọ sí ìdíje náà. Ọmọ náà sáré bọ́ sí àgbàlá, ó pariwo tí ará ilé kejì fi yọjú lórí ògiri láti béèrè bóyá ẹnì kan ti kú. Àǹtí mi kàn dìde, wọ́n lọ ro amìwò wọn.

Ti Faransé àti Bràsíl, tẹlifíṣọ̀n la fi wò ó ní pálọ̀, Ìyá Àgbà sì jókòó sórí àga tiwọn pẹ̀lú ìbòrí funfun lórí. Ní Exeter ni. Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín: kò gún régé. Faransé ń gba ọwọ́ ọ̀tún wọlé, wọ́n ń gba ọwọ́ òsì, wọ́n ń gba àárín. Rọ́gbì ẹlẹ́ni méje ni àwọn obìnrin Bràsíl fi ń jẹun láti ọjọ́ pípẹ́, òun ni wọ́n gbá ní Olíńpíìkì Rio lọ́dún 2016, nítorí náà ẹsẹ̀ wọn yá. Àmọ́ nínú ti ẹlẹ́ni mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹni tí wọ́n bá ti tì ṣubú níwájú, kò ní rí bọ́ọ̀lù tí yóò fi sáré. Ìdíje Àgbáyé wọn àkọ́kọ́ nìyí, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Gúúsù Amẹ́ríkà tí àwọn obìnrin rẹ̀ débẹ̀ rí. Ọkọ àǹtí mi kọ́kọ́ ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tó yá, ojú ìyá wọn wá ń tì wọ́n, wọ́n dáwọ́ dúró, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀ jẹ́jẹ́.

Àfi bí Bianca Silva ṣe rí bọ́ọ̀lù gbà, ó di eré, ó sì gbé e kọjá ìlà. Àmì 5! Nínú eré àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni Bràsíl fi gbá 6 tí wọ́n ní wọlé; ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù kọjá ìlà nínú Ìdíje Àgbáyé. Èmi, àǹtí mi tí wọ́n mú ọmọrogùn lọ́wọ́, ọmọ náà, kódà bàbá rẹ̀, a fò sókè.

"Ṣé a ti borí ni?" Ìyá Àgbà bi wá.

"Rárá, Ìyá, 5 la ṣẹ̀ṣẹ̀ ní."

"Àwọn ńkọ́?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Wọ́n tún bi wá pé kí ni orúkọ ọmọ tó gbé e.

"Silva ni, Ìyá."

"Silva! Ti ilé wo?"

84 sí 5 ló parí sí. Lọ́jọ́ yẹn ló sì dájú pé Faransé àti Gúúsù Áfíríkà ló ń lọ, Bràsíl àti Ítálì ò lọ mọ́.

Ibi oúnjẹ ni ìjà ti wá bẹ̀rẹ̀. Ọkọ àǹtí mi ní wọn ì bá má gbé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wá, pé ìyà lásán ni, pé kí wọ́n lọ kọ́ ọ nílé kí wọ́n tó bọ́ síta. Wọ́n tún mẹ́nu ba Sàmóà, tí Gẹ̀ẹ́sì fi 92 sí 3 nà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí, mo sì sọ fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ti ń san owó oṣù fún àwọn obìnrin wọn láti 2019, kí wọ́n má baà ṣe iṣẹ́ mìíràn ju rọ́gbì lọ. Tí ẹ bá wá mú ẹni tí kò rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ gbà ká wọn mọ́, kí lẹ retí? Ibo ni wọ́n ti fẹ́ kọ́ ọ, bí kì í bá ṣe níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n? Bí àwọn ọmọ Sàmóà ṣe ń dì mọ́ra tí wọ́n ń fò nítorí àmì 3 yẹn, mo wò ó ju bí mo ti wo àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì gbé kọjá ìlà lọ. Ẹgbẹ́ kékeré kọ́ ló sì ń jẹ ìyà nígbà gbogbo: Fíjì, tí Kánádà kó 65 fún lọ́jọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, fi 28 sí 25 lé Wales, tí ìdíje ti bẹ̀rẹ̀ nílé rẹ̀, padà sílé láìborí ẹnì kankan. Bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí mo ti kúrò ni ìyẹn ṣẹlẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí wọn kíákíá. Wọn ò fèsì.

Mo lọ sí ààfin lọ́jọ́ kejì. Ó dára, ẹ lọ wò ó. Nígbà tí ẹni tó ń mú wa káàkiri dé ibi àdéhùn tí Ọba Tọ́fà bá Faransé ṣe, ọmọ náà rọra wí sí mi létí pé, "Tọ́fà àti Bàbá, ọ̀kan náà ni wọ́n."

Ọjọ́ 7 Oṣù Kẹsàn-án ni Faransé àti Gúúsù Áfíríkà wá pàdé ní Northampton, èmi ti wà l'Ékòó. 57 sí 10. Mo tẹ̀ wọ́n láago lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ àǹtí mi ló gbé e, ayọ̀ wọn ń dún nínú fóònù. Ìyá Àgbà gbà á lọ́wọ́ wọn. Wọ́n bi mí nípa ọmọ Silva. Mo ní Ítálì ti lù wọ́n, 64 sí 3, wọ́n ti ń lọ sílé. Wọ́n ní kí wọ́n lọ rí ìyá wọn, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn.

Ọmọ náà ló gbà á kẹ́yìn. Kò sọ nǹkan kan nípa 57 yẹn. Ó ní olùkọ́ eré ìdárayá wọn ti gbà pé kí àwọn máa dán rọ́gbì wò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù ọwọ́, pé bọ́ọ̀lù rẹ̀ ni kò sí, kí n bá òun ra ọ̀kan wá. Mo ti béèrè ní Báàlógùn, mo ti béèrè ní Súrùlérè, bọ́ọ̀lù roboto ni gbogbo wọn ń nà sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹlẹ́yin adìyẹ yẹn l'Ékòó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ibẹ̀ àti iye tó jẹ́ fún mi kí Oṣù Kejìlá tó dé.