Èmi àti Fèrèsé Mi Kejì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ti mọ ọ̀rọ̀ fèrèsé mi kejì, mo bẹ̀ yín, ẹ má bi mí mọ́ bóyá ó ti ṣí. Ó ti ṣí. Bí ó ṣe ṣí gan-an ni ìtìjú tó wà nílẹ̀, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì títì láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn bí mo bá rí kápẹ́ńtà lọ́ọ̀ọ́kán.

Lẹ́tà ni ó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ń bá onílé wa bójú tó ilé kọ̀wé sí mi pé láti oṣù tí ń bọ̀ ni owó ilé mi yóò fi ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Èyí nìkan kò bà mí lẹ́rù, nítorí owó ilé dà bí èéfín, òkè nìkan ni ó mọ̀ ọ́n lọ, ó sì ti pẹ́ tí ìdajì owó oṣù mi ti ń kọjá sọ́dọ̀ onílé kí ojú mi tó kàn án. Ohun tí ó gún mi lọ́kàn ni àlàyé tí wọ́n ṣe sábẹ́ rẹ̀, pé yàrá mi jẹ́ yàrá tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn dáadáa láti ojú fèrèsé méjì.

Fèrèsé méjì kẹ̀! Èkíní kọjú sí ibi tí gbogbo ará ilé ń da pàǹtí sí, tí ó fi jẹ́ pé bí mo bá ṣí i, kì í ṣe atẹ́gùn ni ó máa ń wọlé. Èkejì, tí gíláàsì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rí òde, ni mo ti ń bá wọ̀yá ìjà láti oṣù mọ́kànlá tí mo ti kó dé. Láràárọ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí n tó lọ síbi iṣẹ́, n óò tan iná, n óò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, n óò ki ti òsì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn, n óò fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé e, n óò sì tì í nígbà mẹ́wàá. Bí kò bá gbọ́ ti ọwọ́, n óò fi èjìká tì í nígbà márùn-ún. Mo ti fi ọṣẹ pa á lára, mo ti fi òróró ra á lára, mo ti fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo sì ti bú u débi pé mo ní láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Fèrèsé kò dá mi lóhùn, kò sì sún.

Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní kí n wá máa san owó atẹ́gùn rẹ̀, mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo jókòó, mo sì tẹ nọ́ńbà ilé-iṣẹ́ náà. Ẹ̀rọ kan ní kí n tẹ oókan bí mo bá fẹ́ san owó, kí n tẹ eéjì bí mo bá ti san owó, kí n tẹ ẹẹ́ta bí mo bá fẹ́ mọ iye owó tí ó kù tí n óò san. Fún ohunkóhun mìíràn, ó ní kí n dúró. Mo dúró fún wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́tàdínláàádọ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa orin tí wọ́n fi dá mi dúró, nítorí mo mọ̀ ọ́n nísinsìnyí ju bí mo ṣe mọ ìbátan mi lọ. Orin dùùrù ni, ìlà mẹ́rin péré ni ó ní, ìlà kẹrin a sì máa já nígbà tí ó bá ku ohùn kan ṣoṣo kí ó parí, tí ẹ̀rọ náà yóò wá dá sí i pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí àwọn, tí orin yóò tún padà síbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ohùn kan ṣoṣo! Ó dà bí kí ènìyàn fẹ́ sín, kí imú sì yí ìpinnu padà. Ní bí ogún ìṣẹ́jú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu mi bá wọn parí rẹ̀. Ní ogójì ìṣẹ́jú, mo ti fún ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì bu ọlá fún onílé. Nígbà tí ó fi máa pé wákàtí kan, mo ti dìde dúró, mo ń ju apá bí olùdarí ẹgbẹ́ akọrin, mo sì ń dúró de ìparí ìlà kẹrin bí ẹni pé èmi ni wọ́n háyà láti ilé-iṣẹ́ wọn.

Ìgbà tí ó rẹ̀ mí ni mo ṣí kọ̀ǹpútà láti wá ẹni tí ó kó wa sínú ìyọnu yìí. Ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Alfred Levy ni, onílé-iṣẹ́ ni. Wáyà tẹlifóònù kan ni ó kan irin ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ni odindi ilé bá di rédíò, tí àwọn tí wọ́n ń dúró lórí fóònù sì ń gbọ́ orin láti ilé-iṣẹ́ rédíò tí ó wà ní ìtòsí. Ẹlòmíràn ìbá pe oníṣẹ́ iná kí ó wá tún wáyà náà ṣe. Ọkùnrin yìí gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1962 pé òun ṣe àwárí, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní ọdún 1966. Wáyà tí ó bàjẹ́ ni mo ń jó sí láti àárọ̀.

Ìlà kẹrin ṣẹ̀ṣẹ̀ já ni, mo sì ti la ẹnu gbàràmù láti bá wọn parí rẹ̀, nígbà tí ènìyàn gbé fóònù. Igbe tí mo ké sí ọmọbìnrin náà létí kì í ṣe kékeré. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ẹ káàsán, sà. Ṣé kò sí o?”

Mo ṣàlàyé fèrèsé, mo ṣàlàyé lẹ́tà, mo sì fi ìbínú ṣàlàyé atẹ́gùn. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní tí ó bá jẹ́ fèrèsé nìkan ni, òun ìbá fi ọ̀rọ̀ mi ṣọwọ́ sí ẹ̀ka àtúnṣe, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí mo ti fẹnu ba owó ilé, ó ti di ẹ̀hónú lórí owó, abala 19 nínú ìwé àdéhùn mi sì sọ pé ẹ̀rọ fax, èyí tí ń fi ẹ̀dà ìwé ránṣẹ́ lójú wáyà, nìkan ni mo lè gbà fi irú ẹ̀hónú bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Mo ní ṣé kò lè gbàgbé pé mo fẹnu ba owó ni. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà, a ń gba ohùn yín sílẹ̀.” Mo rántí igbe tí mo ké, mo sì dágbére.

Mo yọ ìwé àdéhùn náà jáde, èyí tí mo buwọ́ lù láìkà á, nítorí pé lọ́jọ́ náà inú mi dùn pé yàrá náà ní fèrèsé méjì. Abala 19 wà níbẹ̀ lóòótọ́. Abala 22 tún wà, tí ó ní ayálégbé kò gbọdọ̀ so ẹṣin mọ́ àtẹ̀gùn. Àjà kẹrin ni mò ń gbé. Ní ti fax, ará Scotland kan, Alexander Bain, ni ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1843, nígbà tí Alexander Graham Bell kò gba ti tẹlifóònù títí di 1876. Ìyẹn ni pé wọ́n ní kí n gbé fóònù sílẹ̀ nítorí ó ti lajú jù, kí n lọ fi èyí tí ó ṣẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ̀wé.

Níbí ni ó yẹ kí ẹnìkan ti dì mí mú, ṣùgbọ́n èmi nìkan ni mo ń gbé ilé. Mo pinnu pé bí wọ́n bá fẹ́ ohun àtijọ́, àtijọ́ ni n óò fún wọn. Ojú ewé mẹ́rin ni mo kọ. Mo rán wọn létí pé láti ọdún 1696 títí di 1851 ni wọ́n fi ń gba owó orí fèrèsé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn ènìyàn fi ń fi bíríkì dí fèrèsé ilé wọn kí owó náà lè dínkù, mo sì bèèrè bóyá bíríkì ni wọ́n fẹ́ kí n rà. Mo gbé Òfin Marlborough ti ọdún 1267 kalẹ̀, èyí tí abala kan nínú rẹ̀ tí ó ní ayálégbé kò gbọdọ̀ ba ilé tí ó yá jẹ́ ṣì wà nínú ìwé òfin wọn títí di òní, mo sì fi hàn wọ́n ní ìpínrọ̀ mẹ́ta pé èmi kọ́ ni mo ba fèrèsé náà jẹ́. N kò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-iṣẹ́ náà kò gbé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá ti ń fi òfin ọdún 1267 jà nítorí fèrèsé yàrá kan, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe fèrèsé nìkan ni ó há.

Ẹ̀rọ fax kan wà ní ọ́fíìsì wa, orí rẹ̀ ni wọ́n ń gbé ìkòkò òdòdó lé. Mo gbé òdòdó kúrò, mo nu eruku, mo to ojú ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú rẹ̀, ẹ̀rọ náà kérora, ó sì gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kẹta ni èsì dé, ó sì dùn mọ́ mi nínú. Wọ́n ní àwọn ti ka ẹ̀hónú mi fínnífínní, àwọn ti gbé gbogbo kókó tí mo tọ́ka sí yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, owó ilé yóò sì wà bí àwọn ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n àwọn yóò rán oníṣẹ́ wá wo fèrèsé náà. Mo ka èsì náà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo ọ́fíìsì. Mo ní ẹ wá wo ohun tí ìwé kíkà lè ṣe. Ibẹ̀ ni akọ̀wé wa ti na ìwé kékeré kan sí mi, èyí tí ẹ̀rọ náà tẹ̀ jáde lẹ́yìn tí mo ti lọ. Òdì ni mo ki ìwé bọ inú ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ tí n kò kọ nǹkan kan sí ni ẹ̀rọ rí. Ojú ewé mẹ́rin funfun báláú ni wọ́n gbà, tí wọ́n kà fínnífínní, tí wọ́n sì yẹ kókó inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

N kò mọ ẹni tí ǹ bá fi ṣẹ̀sín nínú àwa méjèèjì, nítorí náà mo dákẹ́.

Oníṣẹ́ náà dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, kápẹ́ńtà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò gbé ju àpò kékeré kan lọ́wọ́. Mo ti ń ṣàánú rẹ̀. Mo fi bí a ṣe ń tì í hàn án, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì, àtẹ́lẹwọ́, mo sì kìlọ̀ fún un pé èjìká rẹ̀ yóò dùn ún. Ó wò mí. Ó wo fèrèsé. Ó rọra mú aṣọ ìnura mi kúrò lórí irin kékeré kan tí ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, èyí tí mo ti fi ń kọ́ aṣọ láti ọjọ́ tí mo ti dé, ó fi ìka kan, ìka kan ṣoṣo, fà á, fèrèsé sì yí lọ sí ẹ̀gbẹ́ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pé òróró ni wọ́n fi ṣe é. Òróró ni, ẹ kúkú mọ̀, èmi ni mo rà á.

“Ẹ̀gbọ́n,” ó ní, ó sì ń wo ilẹ̀ nítorí ọmọlúàbí ni, “ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n máa ń fà á sí.” Ó tọ́ka sí ọfà pupa kékeré tí wọ́n kùn sí abẹ́ irin náà. Aṣọ ìnura mi ti bò ó fún oṣù mọ́kànlá. Ó kọ ìwé kan fún mi kí ó tó lọ: owó ìpè lásán, ayálégbé ni yóò san án, fèrèsé méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá ní àwíjàre, nọ́ńbà tí n óò pè wà nísàlẹ̀ ìwé. Mo mọ nọ́ńbà náà. Mo mọ orin rẹ̀ pẹ̀lú.

Atẹ́gùn wọlé nítòótọ́, kí a má parọ́. Ní ọjọ́ kẹta tí fèrèsé ti wà ní ṣíṣí, mo yọjú síta, mo sì bá ìyá àgbàlagbà kan lójú fèrèsé ilé kejì, kò ju bí ọ̀pá méjì sí mi lọ. Mo kí wọn. Wọ́n wò mí títí.

“Ọmọ mi, ìwọ ni ò ń gbé yàrá yìí? Ṣé ara rẹ le? Ó di ọjọ́ mẹ́ta tí n kò ti rí òjìji rẹ láàárọ̀.”

Mo ní ara mi le, mà.

“Mo rò pé àìsàn ni. Dókítà ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, ṣùgbọ́n n kò mọ èyí tí n óò ṣe, àfi ìgbà tí mo rí i tí ìwọ ń ṣe tìrẹ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dúró síbí bá ọ ṣe é. Mẹ́wàá tọwọ́, márùn-ún téjìká. Orúnkún mi kò tilẹ̀ dùn mí mọ́.” Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ṣé o ti yí aago padà ni?”

Mo ní rárá, mà, aago mẹ́fà ààbọ̀ náà ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo fa fèrèsé náà dé, mo tan iná, mo sì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú.