Ata ló ń pẹ́, kì í ṣe Indomie

Ọjọ́bọ̀, alẹ́

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni ẹ̀yìn ọ̀rá Indomie wí. Aago méje kọjá díẹ̀ ni mo wọlé lónìí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi máa gbé abọ́ ka orí itan, aago mẹ́jọ ti ń lọ lù. Kì í ṣe pé Indomie purọ́ o. Òun àti ata ni wọn ò jọ ṣe àdéhùn.

Òjò ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Láti ọ̀sán ni ojú ọ̀run ti ṣú, kò sì rọ̀. Ìgbà tí mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán, tí mo dé Ọláìyá ní Òṣogbo níbí, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí iṣẹ́ rẹ̀. Mo sá sábẹ́ afárá, èmi àti àwọn ọlọ́kadà, àti bàbá kan tó gbé adìyẹ méjì mọ́ra nínú ẹ̀wù òjò. Adìyẹ wọ̀nyẹn nìkan ni ara wọn gbẹ nínú gbogbo wa. Báàgì mi ni èmi ń ṣọ́ ní tèmi, torí ata wà níbẹ̀. Mo ti sáré dé Ọjà Ọba lọ́sàn-án, mo ra ata rodo, ìyá aláta sì bu atawẹ́wẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, ó ní èènì ni. Mo dúpẹ́, mo tún kúnlẹ̀ díẹ̀. N ò mọ̀ pé èènì yẹn ló máa bá mi jà lálẹ́.

Kò síná nígbà tí mo délé. Bíléńdà jókòó sórí tábìlì, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Mo kó ata àti àlùbọ́sà sínú abọ́, ó di ẹ̀yìnkùlé lọ́dọ̀ Màmá Onílé, níbi tí ọlọ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ fi ọlọ yín lọ ata."

"Ìwọ nìyẹn, Àǹtí Kọ̀ǹpútà? Òjò ò pa ọ́? Kí lo fẹ́ sè?"

Mo kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n tún un bi. "Indomie ni, mà."

Ẹ̀rín tí Màmá rín, gbogbo ilé ló gbọ́ ọ. "Ata orí ọlọ fún Indomie! Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́ wé gèlè aṣọ òkè fún ọmọ ọwọ́ nìyẹn."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n rín in. Ata orí ọlọ yàtọ̀. Bíléńdà máa ń lọ ata di omi ni, kóró rẹ̀ gan-an kì í ṣẹ́kù, a sì gbọ́dọ̀ bu omi sí i kó tó yí. Orí ọlọ ò fẹ́ omi púpọ̀. Ata á fọ́, kò ní kúnná tán, wàá rí awọ rẹ̀ níbí, wàá rí kóró rẹ̀ lọ́hùn-ún, àlùbọ́sà á sì tú omi tirẹ̀ sí i. Bó bá dé inú òróró, kíá ló ń dín, torí kò sí omi tí a ń dúró dè kó gbẹ. Ata rodo mẹ́rin ni mo fi sí i, pẹ̀lú ìdajì èènì yẹn. Ibi tí mo ti ṣìṣe nìyẹn.

Kí n tó lọ̀ ọ́ tán, ọwọ́ mi ti ń ta. Mo ṣan án lómi, ó tún le sí i. Mo fi ọṣẹ kún un, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún dé. Màmá Onílé ní kí n yé fi omi tan ara mi jẹ, wọ́n wọlé lọ bu epo pupa sínú ìdérí kan, wọ́n ní kí n fi pa ọwọ́ méjèèjì dáadáa, lẹ́yìn náà kí n wá fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ kúrò. Kò pẹ́ tó fi rọ̀. Ohun tó ń ta nínú ata, capsaicin ni àwọn onímọ̀ ń pè é, kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Òróró àti ọ̀rá ló máa ń bá lọ. Màmá ò mọ orúkọ yẹn, wọn ò sì nílò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo yìí náà ni mo fi ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jà nípa Indomie. Púpọ̀ nínú wọn, omi ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé kaná, bó bá hó, wọ́n á da Indomie sí i, wọ́n á wá gé ata lé e lórí. Ata yẹn á kàn máa léfòó ni. Òkèlè kan á ta ọ́ létè, òmíràn ò ní í ta rárá. Ata gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá òróró pàdé. Òróró ló máa gbé e kiri gbogbo ìkòkò.

Mo gbé sílíńdà gáàsì mì kí n tó ṣáná. Fúyẹ́ ló fúyẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú mi di alẹ́ yìí, lọ́la màá gbé e lọ rọ. Òróró ṣíbí mẹ́ta, àlùbọ́sà gígé díẹ̀, lẹ́yìn náà ata. Ariwo tó sọ! Èéfín rẹ̀ gba ojú fèrèsé jáde, mo gbọ́ tí ará ilé kejì sín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì ń dá a lóhùn níkọ̀ọ̀kan. Mo ń rò ó díẹ̀díẹ̀ títí òróró fi yọ sójú, tí ata kúrò ní pupa fòò, tó ń fà sí àwọ̀ iyèpè. Ibẹ̀ ni ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi lọ sí. Mo wá da omi ife kan àti ààbọ̀ lé e, mo fọ́ ẹja gbígbẹ díẹ̀ sí i, mo dé e.

Ìgbà tó hó ni mo wá já ọ̀rá. Lóòótọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta ò kọjá. Mo fẹ́ràn kí n máa wò ó bó ṣe ń tú: á kọ́kọ́ dúró gan-an bíi páálí, ẹ̀gbẹ́ kan á rọ̀, lójijì gbogbo rẹ̀ á jọ̀wọ́ ara rẹ̀ sílẹ̀. Ará Jàpáànì kan, Momofuku Ando, ló gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 1958. Ẹni ọdún 48 ni nígbà náà, iṣẹ́ tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti dojú dé, ó wá kó ara rẹ̀ sínú ahéré kékeré kan lẹ́yìnkùlé, ó ń dán an wò lójoojúmọ́. Dídín ni àṣírí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti se é, wọ́n á dín in nínú òróró gbígbóná, omi inú rẹ̀ á sá jáde, á fi ihò wínníwínní sílẹ̀. Ihò yẹn náà ni omi gbígbóná tiwa ń gbà padà wọlé. Wọ́n ti bá wa sè é tán kó tó dé Òṣogbo. Àwa kàn ń jí i lójú oorun ni.

Máàgì inú ọ̀rá rẹ̀, ìdajì ni mo máa ń dà sí i. Iyọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ẹja gbígbẹ náà ò sì wá lọ́wọ́ òfo. Ẹyin kan ló kẹ́yìn. N kì í pò ó. Mo máa ń fọ́ ọ lé àárín ni, kí n pa iná, kí n dé e, kí ooru máa bá iṣẹ́ lọ. Gáàsì ò kú. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ta. Ó ta débi pé mo gbàgbé pé iná ò sí. Òógùn bo imú mi, etí mi ń hó, síbẹ̀ ọwọ́ ò kúrò nínú abọ́. Ó dára ni, kí n má parọ́: ata náà pọ̀, ó sì dùn.

Àárín ìyẹn ni fóònù dún. Màámi ni, láti Ìkìrun. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ni wọ́n máa ń pè, ìbéèrè kan náà sì ni.

"Àjọkẹ́, kí lo jẹ?"

"Ẹ̀bà ni, mà." Irọ́ yẹn ti di àṣà. Wọn ò gbà pé oúnjẹ ni Indomie. Ọdún 1988 ni wọ́n kọ́kọ́ kó o wọ Nàìjíríà, ọdún 1995 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é nílẹ̀ wa, nítorí náà a lè sọ pé èmi àti òun la jọ dàgbà. Ní ilé wa, orúkọ tí Màámi sọ ọ́ ni ekòló. "Ta ló tún ra ekòló wọlé?" Bí wọ́n ṣe máa ń wí nìyẹn tí wọ́n bá rí ọ̀rá rẹ̀ nínú ààtàn.

"Kí ló dé tí imú rẹ ń dún? Ṣé òtútù ò mú ọ báyìí?"

"Ata ọbẹ̀ ni, mà. Ó pọ̀ díẹ̀."

Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n bi mí nípa òjò, wọ́n bi mí nípa ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sọ fún mi pé ilé ti dá láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti padà sílé lẹ́yìn họlidé, pé kò rántí kó gbogbo ẹrù rẹ̀ tán. Wọ́n wá dákẹ́. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti já.

"Ẹ̀ẹ̀lóò? Màámi?"

"Mo wà ńbẹ̀. Ekòló tí ọmọ yẹn fi sílẹ̀ níbí, páálí ò tíì dé ìdajì. Mo ní kó má baà bàjẹ́. Mo ní ẹ̀fọ́ ṣọkọ nílẹ̀, mo ní panla."

Mo fi abọ́ sílẹ̀. "Ẹ se é ni?"

"Mo kàn fẹ́ bi ọ́ ni. Omi rẹ̀, ṣé wọ́n máa ń dà á nù?"

"Rárá o, mà! Ẹ má dà á nù. Ibẹ̀ ni ata wà."

"Haà," ni wọ́n wí. "Mo ti dà á nù."